Ẹ̀rọ wárápá ọmọ mi: ṣé kò sí àyẹ̀wò tó lè sọ bóyá yóò ṣiṣẹ́?

Ìyá Dàmọ́lá: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí. Ó ti sú mi. Oògùn mẹ́ta ni ọmọ mi ti lò, wárápá ò lọ. Wọ́n ní ká fi ẹ̀rọ sí i láyà, èyí tó ń fi iná mànàmáná kékeré ta iṣan vagus, iṣan tó so ọpọlọ mọ́ ara, lọ́rùn òsì. A ṣe é, ó ṣì ń gbé e. Àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ní èmi ni mo jẹ́ kí wọ́n ki ọ̀bẹ bọ ọmọ lọ́rùn. Ohùn rẹ̀ ti há. Kí ló dé tí wọn ò kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ara rẹ̀ máa gbà á?

Bàbá Kẹ́mi: Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ìgbà wo lẹ ṣe é? Kò tíì sí àyẹ̀wò tó dájú. Wọ́n ń wo bí ọkàn ṣe ń lù, EEG tó ń wo iná inú ọpọlọ, àti MRI, àwòrán tó ń fi hàn bí apá ọpọlọ ṣe so kọ́ra, àmọ́ kò tíì ṣe é gbára lé. Tó bá pẹ́ díẹ̀, wárápá nǹkan bí ìdajì àwọn tó ń lò ó máa ń dín kù dé ìdajì. Àwọn tó bọ́ pátápátá ò pọ̀.

Ìyá Ìbejì: Tèmi gba ọdún kan ààbọ̀. Ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni pé tó bá gbé e tán, kì í sùn di alẹ́ mọ́. Á dìde, á ní òun fẹ́ mu omi. Mo sunkún lọ́jọ́ náà.

Adéọlá: Ṣé ẹ ń kọ iye ìgbà tó ń gbé e sínú ìwé ṣá? Ọ̀pọ̀ òbí kì í kọ ọ́, wọ́n á wá ní kò ṣiṣẹ́.

Ìyá Dàmọ́lá: Mo ń kọ ọ́, ẹ má bá mi wí. Ọ̀sẹ̀ méje rèé tá a ṣe ẹ̀rọ náà. Mi ò gbé e padà lọ kí wọ́n fi kún iná rẹ̀, torí ohùn yẹn. Oògùn alẹ́ nìkan ni mo dá dúró, ó ń jẹ́ kó máa sùn ní kíláàsì. Ẹ̀rọ ṣáà ti wà lára rẹ̀.

Bàbá Kẹ́mi: Háà! Ẹ pe dókítà báyìí! Ẹ̀rọ kì í rọ́pò oògùn. Oògùn tá a dá dúró lójijì lè mú kí wárápá máa gbé e léraléra. Ẹ bi wọ́n bí ẹ ó ṣe dá a padà. Tó bá gbé e ju ìṣẹ́jú 5 lọ, ilé ìwòsàn ni.

Ìyá Ìbejì: Ẹ rọra bá a sọ̀rọ̀, ìyá ni. Màmá, iná díẹ̀ ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n á máa fi kún un. Ẹ sọ ti ohùn fún wọn, wọ́n lè tún un tò.

Ìyá Dàmọ́lá: Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ìwé tí mo ń kọ ọ́ sí. Ọjọ́ kẹta tí mo dá oògùn dúró ló bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ sí i. Mo ti ń pè wọ́n.