Ọmọ mi ní òun ò ní orí ìṣirò, ṣùgbọ́n ó ń wọn ọmọ ológbò lójoojúmọ́. Báwo ni mo ṣe lè fi èyí kọ́ ọ?

Ìyá Adúmáadán:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin òbí àti olùkọ́. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà.

Ọmọ ọdún 14 ni ọmọbìnrin mi. Ó mọ̀wé kà dáadáa, àmọ́ tí ìṣirò bá ti dé, ojú rẹ̀ á fà ro, á ní òun ò ní orí rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́wàá sẹ́yìn ló gbé ọmọ ológbò kan wọlé láti ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, dúdú kirikiri, kò sí ìyá rẹ̀ nítòsí. Dókítà ẹranko wo eyín rẹ̀, ó ní kò lè ju ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ. Ó ní mílíìkì tí wọ́n ṣe fún ọmọ ológbò ni ká máa fún un, kì í ṣe ti màlúù, nítorí ìgbẹ́ gbuuru. Ó tún ní ká máa wọ̀n ọ́n lójoojúmọ́.

Adúmáadán lọmọ mi sọ ọ́. Ó gbé òṣùwọ̀n tí mo fi ń wọn ìyẹ̀fun, ó tẹ́ aṣọ sínú abọ́, ó gbé ológbò rẹ̀ sí i. Gíráàmù 290. Ó mú ìwé kékeré kan, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò ní kó kọ ọ́.

Lọ́jọ́ kẹfà, 350 àná di 338. Omijé ló fi jí mi: "Mọ́mì, ó ń kú lọ." A jọ jókòó ti ìwé náà. Òun fúnra rẹ̀ ló rí i pé lánàá, ẹ̀yìn ìgbà tó jẹun tán lòun wọ̀n ọ́n, lónìí kò tíì jẹun. Mílíìkì inú ikùn ló wọ̀n mọ́ ọn! Ó fún un lóúnjẹ, ó tún un wọ̀n: 354. Ọmọ tó ní òun ò ní orí ìṣirò nìyí o.

Inú mi dùn débi pé mo ṣe àṣìṣe. Lọ́jọ́ kejì, mo kọ ìbéèrè mẹ́wàá nípa ológbò náà sórí pépà, mo ní kó dáhùn wọn kó tó sùn. Kò dáhùn ẹyọ kan. Odidi ọjọ́ méjì ni kò kọ nǹkan kan sínú ìwé rẹ̀, ó kàn ń tọ́jú ẹranko rẹ̀ láìsọ̀rọ̀. Ó dùn mí gan-an. Mo ti bẹ̀ ẹ́, ó sì ti padà sí kíkọ. 400 ni lónìí.

Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni ohun tó ń ṣe yìí ṣe lè ràn án lọ́wọ́ nínú iṣẹ́ ilé-ìwé rẹ̀, tí mi ò tún ní ba ayọ̀ rẹ̀ jẹ́?

Olùtọ́jú Ẹranko:
Ẹ kú ìtọ́jú, mà. Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń bá dókítà ẹranko ṣiṣẹ́. Ohun tọ́mọ yín rí yẹn, ọ̀pọ̀ àgbàlagbà kì í rí i. Kó yan àkókò kan, kó máa wọ̀n ọ́n kó tó jẹun, nínú abọ́ kan náà. Ọmọ ológbò tó ń ṣe dáadáa máa ń fi nǹkan bíi gíráàmù 10 sí 15 lé lóòjọ́. Tí kò bá lé rárá lọ́jọ́ kan, tàbí tó dín, tí kò sì fẹ́ jẹun, ẹ pe dókítà lọ́jọ́ náà gan-an. Tó bá ń mu fídà, kó da ikùn délẹ̀. Ẹ má dá a dùbúlẹ̀ bí ọmọ ènìyàn, kí mílíìkì má bàa wọ inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀.

Oògùn aràn ni ìṣirò tèmi. Ìwọ̀n ara la fi ń mọ iye tí a ó fún un. Ká ní oògùn kan jẹ́ mílílítà 2 fún kílò kan. Gíráàmù 400 jẹ́ kílò 0.4, mílílítà 0.8 nìyẹn. Ẹni tó bá ṣi pọ́ìntì yẹn gbé, tó kà á sí kílò 4, mílílítà 8 ló máa fà sínú sírínjì, ìlọ́po mẹ́wàá! Dókítà ló máa sọ oògùn àti iye rẹ̀ o, ṣùgbọ́n ẹ bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kọ́mọ yín kọ́kọ́ ṣírò rẹ̀ lójú rẹ̀. Mo máa ń fún àwọn ọmọ tó bá tẹ̀lé òbí wọn wá ṣe é, mi ò sì tíì rí èyí tó fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un.

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì:
Ọjọ́ méjì tí kò kọ yẹn ló wù mí jù. Tó bá ń ya gíráàfù, kó fi ojú ibẹ̀ sílẹ̀ lófìfo. Kó má fi nọ́ńbà tó rò lọ́kàn dí i. Ọmọ tó bá ti mọ èyí lọ́dún 14 ti mọ ohun ńlá nínú sáyẹ́ǹsì.

Gíráàmù 12 tó bà á lẹ́rù ńkọ́? Lára 350, ó tó 3.4 nínú 100. Lára ológbò àgbà tó jẹ́ kílò mẹ́rin, 0.3 péré ni. Gíráàmù kan náà, ọ̀tọ̀ ni ẹ̀rù rẹ̀. Ibẹ̀ ni pasẹ́ǹtì ti máa yé e.

Bàbá Ológbò:
Olùkọ́, mo gbà pẹ̀lú yín, sà. Àmọ́ tí ìyá bá lọ ní "wá sọ pasẹ́ǹtì rẹ̀ fún mi," pépà ìbéèrè mẹ́wàá ti padà dé nìyẹn. Ẹnu ọmọ ni kí ìbéèrè ti wá.

Ológbò tiwa ní dúdú, funfun àti àwọ̀ ọsàn lára. Àlejò kan rí i lókèèrè, ó ní, "Abo ni." Ọmọkùnrin mi bi í bó ṣe mọ̀, kò lè ṣàlàyé, ni ọmọ mi bá bẹ̀rẹ̀ sí í wá a kiri nínú ìwé. Jíìnì àwọ̀ ọsàn, ìyẹn ohun àjogúnbá tó ń mú àwọ̀ yẹn wá, wà lórí kúrómósómù X, ọ̀kan lára àwọn okùn tín-ín-rín inú sẹ́ẹ̀lì tó ń gbé jíìnì. Akọ ní X kan ṣoṣo, nítorí náà bí kò bá jẹ́ ọsàn, dúdú ni. Abo ní X méjì, ó lè gba méjèèjì. Nínú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, X kan ló ń ṣiṣẹ́, èkejì á dákẹ́, ni àwọ̀ bá ń yọ lábala lábala. Mary Lyon, onímọ̀ jíìnì ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló gbé àlàyé X tó ń dákẹ́ yìí jáde lọ́dún 1961. Ìwé tó ju kíláàsì rẹ̀ lọ lọmọ mi ti ka gbogbo èyí, tìfẹ́tìfẹ́.

Fún ti àròkọ, kó máa ya ohun tójú rẹ̀ rí sọ́tọ̀ sí ohun tó rò. "Inú ń bí i," èrò nìyẹn. "Ó ká etí sẹ́yìn, ó ń ju ìrù," ohun tójú rí nìyẹn.

Ìyá Adúmáadán:
Ẹ ṣé gan-an ni, gbogbo yín. Mi ò dárúkọ pasẹ́ǹtì rárá. Nígbà tó ń fọ fídà, mo kàn ní, "Ìgbà wo lo rò pé á pé kílò kan?" Kò fèsì. Ó lọ mú rúlà.

Ẹ̀yìn pépà ìbéèrè mi yẹn ló ya gíráàfù sí. Ó fo ọjọ́ méjì náà. Ó ní gíráàmù 110 láàárín ọjọ́ mẹ́wàá, 11 lóòjọ́, ó ku 600, ọjọ́ 55 nìyẹn. Ó wá fa ojú ro, ó ní ṣé bó ṣe ń sanra báyìí náà ló máa ṣe títí ni? Mo ní ká máa wọ̀n ọ́n wò.

411 láàárọ̀ yìí, kó tó jẹun.