Ẹ fi “àìnípẹ̀kun” sílẹ̀ fún ṣọ́ọ̀ṣì: lórí ilẹ̀ Sìbẹ́ríà tí kì í yọ́

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin èwe, mo kí gbogbo ilé.

Ẹ̀gbọ́n wa tó ń tú ìwé nípa Rọ́ṣíà sí Yorùbá ló béèrè ohun tí a ó máa pe ilẹ̀ Sìbẹ́ríà, èyí tó dì gbagidi tí ìgbà ooru ò lè yọ́, tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní permafrost. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹnìkan ti gbé “ilẹ̀-dídì-àìnípẹ̀kun” kalẹ̀, àwọn kan sì ti ń ṣe àmín sí i. Mo kà á, inú bí mi, mo ní kí n jẹun ná kí n má baà sọ̀sọkúsọ. Mo ti jẹun tán. Inú ṣì ń bí mi.

Àìnípẹ̀kun báwo? Ìyè ló ń jẹ́ àìnípẹ̀kun, iná náà sì ń jẹ́ ẹ lẹ́nu oníwàásù. Èmi tí mo bá gbọ́ “ilẹ̀-dídì-àìnípẹ̀kun”, ọ̀run àpáàdì tí wọ́n gbàgbé láti dáná sí ni n ó rò.

Ẹ̀rí tí wọ́n mú wá ni pé àwọn ará Rọ́ṣíà fúnra wọn ń pè é ní vechnaya merzlota, pé vechnaya yẹn sì ni àìnípẹ̀kun. Ó dáa. Kí ló dé tí ẹ ò sọ ìyókù? Sumgin, onímọ̀ ilẹ̀ dídì ní Rọ́ṣíà, fi orúkọ yẹn sórí ìwé ńlá tó kọ ní 1927, lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọdún méjì péré ni òṣùwọ̀n tí àwọn onímọ̀ ń lò: ilẹ̀ tó bá fi ọdún méjì léraléra wà ní òdo tàbí nísàlẹ̀ òdo lórí ìwọ̀n Celsius ti wọ ẹgbẹ́. Ọdún méjì! Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú ti bá irú àìnípẹ̀kun bẹ́ẹ̀ dọ́gba. Àwọn ará Rọ́ṣíà tó wá lẹ́yìn ti bá ọ̀rọ̀ yẹn jà títí. Mnogoletnyaya, ìyẹn ọlọ́dún púpọ̀, ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń kọ báyìí. Ohun tí onílé ti ń kó dànù ni ẹ̀yin fẹ́ lọ yá.

Bàbá wa tó wà n’Íbàdàn ló sọ̀rọ̀ gidi. Wọ́n ní “àdììyọ́”. Ẹ tú u wò: à-dì-ì-yọ́, ohun tó dì tí kò yọ́. Bí àdììtú ṣe rí nìyẹn, bí àwíìgbọ́ ṣe rí nìyẹn. Àyè ọ̀rọ̀ náà ti wà nínú èdè tipẹ́, ẹni tí yóò jókòó síbẹ̀ ni kò tíì dé.

Ibi tí ìjà mi wà gan-an nìyí: àbúrò tó ń gbé ìmọ̀ràn bàbá kiri ń kọ “àdìyọ́” láti òkè délẹ̀, “kó lè rọrùn láti tẹ̀”. Ì tí o gé jù nù yẹn, tó ń sọ “kò”, ni gbogbo ọ̀rọ̀! À-dì-yọ́ ti di ẹgbẹ́ àsèjẹ, ẹgbẹ́ àgbàtọ́: ìṣe kìíní ṣẹlẹ̀, èkejì tẹ̀ lé e. A sè é, a jẹ ẹ́. Ó dì, ó yọ́. Ìka kan lórí kọ̀ǹpútà, o ti sọ gbogbo Yakutsk, ìlú Sìbẹ́ríà tí wọ́n kọ́ sórí ilẹ̀ dídì, di ẹrẹ̀. Má sì sọ fún mi pé ọ̀pọ̀ ń kọ “àdìtú”. Àdìtú kò ní ẹlòmíràn tí a lè ṣì í pè. Èyí ní.

Mo gbé Rọ́ṣíà nígbà tó ṣì ń jẹ́ Sófíẹ̀tì, ọmọ Yakutsk ni ẹni tí a jọ ń gbé yàrá kan. Ó ní ilé àwọn ní ẹsẹ̀. Mo rò pé àlọ́ ló ń pa. Àṣé òpó kọnkéré ni wọ́n ń rì mọ́lẹ̀, wọ́n á gbé ilé lé e lórí, wọ́n á sì fi abẹ́ ilé sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ tútù máa gbabẹ̀ kọjá, kí ooru tí wọ́n ń dá nínú ilé má baà dé ilẹ̀. Bó bá dé ilẹ̀, yìnyín inú ilẹ̀ á yọ́, ilé á rì. Páìpù omi wọn kì í gba abẹ́ ilẹ̀, òkè ni wọ́n ń gbé e gbà, bó bá dé títì wọ́n á gbé e fò ó. Ìyá rẹ̀ ní ihò kan tí wọ́n gbẹ́ sínú ilẹ̀ dídì náà, buluus ni àwọn Sakha, ọmọ ilẹ̀ ibẹ̀, ń pè é; ibẹ̀ ni ẹran àti ẹja wọn ń wà nígbà ooru, láìsí fíríìjì, láìsí iná NEPA. Oníṣòwò kan tó ń jẹ́ Shergin gbẹ́ kànga ní ìlú yẹn láti 1828 títí di 1837. Ó wọlẹ̀ tó mítà 116. Kò kan omi. Ilẹ̀ dídì ló ń bá, ilẹ̀ dídì náà ló fi sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ní oṣù Keje, ìlú kan náà lè gbóná kọjá 30 lórí ìwọ̀n Celsius. Òkè ilẹ̀ á yọ́, wọ́n á ti gbin ọ̀dùnkún, ẹ̀fọn á máa bá wọn ṣeré. Bí oṣù Kẹwàá bá dé, ó tún ti dì padà. Ìpele òkè yìí, èyí tó ń dì tó ń yọ́ lọ́dọọdún, òun ni àdìyọ́! Àbúrò, orúkọ olórúkọ lo ń pè. Òkè ni àdìyọ́, ìsàlẹ̀ ni àdììyọ́.

Ẹni wa tó ń ṣiṣẹ́ ní rédíò ní etí olùgbọ́ ò ní mú ìyàtọ̀ ì kan sí ì méjì. Ẹ fà á nígbà tí ẹ bá ń kà á! Ó wá dá “àdìmáyọ́” lábàá, bí àrèmábọ̀. Kò burú létí, ṣùgbọ́n má ní ẹ̀bẹ̀ nínú. Málọmọ́ là ń sọ ọmọ tó ń dà wá láàmú. Bóyá lọ́jọ́ kan àwọn ará Yakutsk á nílò irú orúkọ bẹ́ẹ̀.

Nítorí ẹnìkan tún gba ibẹ̀ wọlé: ilẹ̀ náà ti ń yọ́ báyìí, torí náà irọ́ ni ì inú àdììyọ́ ń pa. Òótọ́ ni pé ó ń yọ́. Ìlú Verkhoyansk ní Sìbẹ́ríà, tí òtútù rẹ̀ dé 67.8 nísàlẹ̀ òdo ní 1892 gbóná dé 38 ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹfà, 2020. Ní ìparí oṣù Karùn-ún ọdún kan náà, ìpìlẹ̀ àgbá epo kan rì ní Norilsk, ìlú Sìbẹ́ríà mìíràn, dísù tó lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún tọ́ọ̀nù ya sínú ilẹ̀ àti odò. Ilé iṣẹ́ tó ni ín ní ilẹ̀ tó yọ́ ló fà á, àwọn mìíràn ní àìtọ́jú ni. Ṣùgbọ́n ta ló sọ pé ì túmọ̀ sí láéláé? Ọ̀pọ̀ àdììtú ni a ti tú. Bí a ṣe bá nǹkan ni ì ń sọ. Àìnípẹ̀kun yín ni yíyọ́ yìí sọ di òpùrọ́.

Ẹni tó kọ̀wé láti Lọ́ńdọ̀nù ní omi ló ń dì, ilẹ̀ kì í dì, pé òkúta gbígbẹ pàápàá wà nínú ohun tí àwọn onímọ̀ kà mọ́ ọn. Ó mọ̀wé. Ìyá mi àgbà tó ń ta epo l’Ékìtì kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n bí ọyẹ́ bá mú epo, “epo ti dì” ni wọ́n ń wí, wọn ò wá ibi tí omi wà nínú rẹ̀. Yìnyín inú ilẹ̀ ló ń gbé ilé mì, òun ló lẹ́tọ̀ọ́ sí orúkọ. Òkúta gbígbẹ ò yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu.

Mi ò ní dá sí ẹni tó pe ìgbà òtútù Rọ́ṣíà ní “ọyẹ́”. Ọyẹ́ tí kò ní eruku!

Ẹ̀yin tí ẹ ní òjò-dídì ti tó fún gbogbo nǹkan funfun tó ń já bọ́, torí pé Bíbélì Àjàyí Crowther lò ó nínú Aísáyà, ẹ dá mi lóhùn: ní òpin oṣù Kejìlá 2010, òjò gidi rọ̀ ní Mọ́skò, bó ṣe ń kan igi àti wáyà ló ń dì mọ́ wọn, ó fa wáyà já, iná kú ní pápákọ̀ òfuurufú Domodedovo. Òjò ni, ó sì dì. Kí la fẹ́ pe ìyẹn, nígbà tí ẹ ti fi orúkọ rẹ̀ ta èyí tó ń fò bí ẹ̀gbọ̀n òwú lọ́rẹ?

Ẹni tó bá ní àtakò sí ì kejì, kó mú àpẹẹrẹ wá, kó fi oyè ọ̀jọ̀gbọ́n rẹ̀ sílé. Ẹ̀gbọ́n olùtumọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì gbé ìwé yẹn lọ fún àwọn òǹtẹ̀wé.