Mo ń wá ìmọ̀ràn: ṣé kí n gbé ẹ́ńjìnnì ìdíje Cosworth BDG sínú Lotus Elan mi?

OníElan67:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Lotus Elan ọdún 1967 ni mò ń wà, ẹ́ńjìnnì Twin Cam tó bá a jáde ló sì ṣì wà nínú rẹ̀. Ẹnì kan tó ti fi eré ìje sílẹ̀ fẹ́ ta Cosworth BDG oní-lítà 2 fún mi, ó ní agbára rẹ̀ lé ní 250 ẹṣin, nígbà tí tèmi kò ju 105 lọ. Ojú títì nìkan ni mo ti ń wa ọkọ̀ yìí, n kì í gbé e lọ sí pápá ìje. Kí ni ó yẹ kí n yẹ̀ wò kí n tó sanwó?

BàbáPístọ̀nù:
Ẹ ṣeun tí ẹ béèrè kí owó tó jáde lápò. Ìdílé kan náà ni ẹ́ńjìnnì méjèèjì: orí búlọ́ọ̀kù (ìpìlẹ̀ irin ẹ́ńjìnnì) Ford Kent ni wọ́n kọ́ Twin Cam lé, ara Kent náà sì ni BDA, tí BDG tinú rẹ̀ jáde, ti yọ, nítorí náà ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń so mọ́ jíà kò ní dà yín láàmú púpọ̀. Gíga ni ẹjọ́ wà. Búlọ́ọ̀kù ìran BDA ga ju ti Twin Cam lọ, bónẹ́ẹ̀tì Elan sì rẹlẹ̀. Bí ẹ bá lè rí búlọ́ọ̀kù òfìfo àti orí rẹ̀ yá, ẹ gbé e sí àyè rẹ̀, ẹ lẹ amọ̀ rírọ̀ mọ́ ibi tó ga jù, kí ẹ rọra pa bónẹ́ẹ̀tì dé, kí ẹ sì tún ṣí i. Ibi tí amọ̀ bá ti tẹ́ pẹrẹsẹ, ibẹ̀ ni wọn yóò ti máa gbára wọn, ẹ má sì gbàgbé pé ẹ́ńjìnnì a máa mì tìtì nígbà tí ẹ bá tẹná mọ́ ọn.

Ẹ béèrè ọ̀rọ̀ ọ́ìlì pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì ìdíje kì í tọ́jú ọ́ìlì sí ìsàlẹ̀ ara wọn, pọ́ǹpù ló ń fà á lọ sínú táǹkì tó dá dúró. Nínú Elan, ó ṣeé ṣe kí búùtù yín lọ sí i.

Ẹlẹ́sẹ̀Wúwo:
Mo ti ṣe irú rẹ̀ rí, ọdún méjì ni mo fi wà á kí n tó yọ ọ́. Kámúṣáfútì ìdíje, ìyẹn irin tó ń ṣí fáàfù ẹ́ńjìnnì, kò fẹ́ ṣiṣẹ́ kankan títí tí ẹ́ńjìnnì yóò fi yípo tó 5000 ní ìṣẹ́jú kan, kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ sì dà bí ìlẹ̀kùn tí kò mọ̀ ju kó ṣí tàbí kó tì lọ. Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, èéfín a bo plọ́ọ̀gì dúdú, ẹ́ńjìnnì a sì kú. Plọ́ọ̀gì mẹ́rin tuntun kì í wọ́n nínú ọkọ̀ mi, ẹ̀bá ọ̀nà ni mo sì ti máa ń pààrọ̀ wọn, tí irin gbígbóná ń jó mi níka.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ọkọ̀ ló dẹ́rù bà mí jù. Rọ́bà Rotoflex ló ń gbé agbára lọ sí táyà ẹ̀yìn Elan, wọn kò sì ṣe é fún 250 ẹṣin. Ọ̀kan já mọ́ mi lọ́wọ́, sáfútì bẹ̀rẹ̀ sí í na ohun gbogbo tó wà nítòsí rẹ̀ bíi pàṣán. Bí ẹ bá rà á, ẹ fi sáfútì oní-irin rọ́pò rẹ̀ kí ẹ tó wà á lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Kámúṣáfútì_Pẹ̀lẹ́:
Ẹ má jẹ́ kí wọ́n dẹ́rù bà yín pátápátá. Ní 1970, Ford ta Escort RS1600 tó gbé BDA fún ará ìlú, 120 ẹṣin ni wọ́n sì kà sí i lára. Ìran náà mọ ọ̀nà ojú títì. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ fi kámúṣáfútì tó rọ̀ sí BDG yìí, kí ẹ dín bó ṣe ń fún afẹ́fẹ́ àti epo pọ̀ mọ́ra kù kí ó lè gba pẹtiróòlù lásán, kí ẹ sì gbà pé díẹ̀ nínú ẹṣin wọ̀nyẹn yóò lọ. Twin Cam yín ńkọ́? Ẹ fi ọ́ìlì pa á, ẹ wé e, ẹ má tà á. Ẹni tó bá máa ra Elan yẹn lọ́jọ́ kan yóò béèrè rẹ̀.

OníElan67:
Ẹ ṣeun gan-an. Mo bi ẹni tó ń tà á ní iye wákàtí tí wọ́n ti fi sáré látìgbà tí wọ́n tún un ṣe, ó ní òun kò kọ ọ́ sílẹ̀.

BàbáPístọ̀nù:
Ẹ jẹ́ kí a kà á sí pé ó ti tó ìgbà tí wọn yóò tún un tú. Ẹ yọ owó àtúnṣe kúrò nínú iye tó pè é, bí kò bá gbà, ẹ fi í sílẹ̀ fún un.