Kí la ó pe "fluid" ní Yorùbá: omi, ohun olómi, àbí ohun tó ń ṣàn?

Atúmọ̀-Èdè: Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Mò ń túmọ̀ ìwé ìtọ́ni fún àwọn tó ní àrùn kíndìnrín. Wọ́n ní kí aláìsàn dín "fluid" kù. "Omi" ni mo kọ́kọ́ kọ. Ẹ̀gbọ́n mi kà á, wọ́n ní: "Ó yé mi. Kéèyàn dín omi kù, kó máa mu tíì." Àyà mi já! Tíì, mílíìkì, yìnyín tó ń yọ́ lẹ́nu, gbogbo rẹ̀ ni dókítà ń kà mọ́ ọn. Ọ̀rọ̀ wo ni kò ní ṣi aláìsàn lọ́nà?

Nọ́ọ̀sì: "Ohun olómi" ni kí ẹ kọ, kí ẹ sì dárúkọ wọn tẹ̀lé e. Èmi kì í fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sílẹ̀ fún aláìsàn. Bó bá jẹ́ tinú ara náà, ẹ dárúkọ rẹ̀: ẹ̀jẹ̀, itọ́, òógùn, ìtọ̀. Ẹ má kó gbogbo wọn pọ̀ sábẹ́ "omi ara".

Olùkọ́ Físíìsì: Ìyẹn dáa fún ilé ìwòsàn, àmọ́ "liquid" ni "ohun olómi". "Fluid" kó afẹ́fẹ́ àti gáàsì mọ́ra, torí àwọn náà ń ṣàn. "Ohun tó ń ṣàn" ni mo ń lò. Mi ò fẹ́ "ìṣàn" rárá: bí nǹkan ṣe ń ṣàn nìyẹn, kì í ṣe nǹkan náà, béèyàn ò bá sì fi àmì ohùn sí i, iṣan apá lọmọ á kà. Mo máa ń da oyin láti inú ṣíbí níwájú wọn. Á fà tẹ́ẹ́rẹ́, á ká lé ara rẹ̀ bí okùn, kó tó wá tẹ́ pẹrẹsẹ. Ó lọ́ra, àmọ́ ó ń ṣàn.

Mẹkáníìkì: Ti bíréèkì ọkọ̀, "ọ́ìlì bíréèkì" là ń pè é.

Atúmọ̀-Èdè: Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti tún un kọ: "Ẹ dín gbogbo ohun olómi tí ẹ ń mu kù: omi, tíì, mílíìkì, títí kan yìnyín." Ẹ̀gbọ́n mi tún kà á, wọ́n ní, "Bí ẹnu bá wá gbẹ ńkọ́?" Mo ti fi kún un pé wọ́n lè fi omi ṣan ẹnu, kí wọ́n tu ú dànù.