Wọ́n dáná ní Dẹ́ltà, àwa dáwó l'Ógbómọ̀ṣọ́: ẹ sọ ìrírí tiyín

Àbẹ̀kẹ́ Tákíé

Ẹ kú déédéé ìwòyí o, ẹ̀yin tèmi. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn tí mi ò lè bá bàbá àwọn ọmọ mi sọ, torí òun gan-an ló ní kí n má fowó mi sí i nígbà yẹn. Ẹni tírú rẹ̀ bá ti ṣẹlẹ̀ sí, kó jọ̀ọ́ sọ tiẹ̀ fún mi.

Lọ́dún 2022 ni ẹnì kan wá bá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa. Ọmọ ìlú yìí ni, Èkó ló fi ṣe ibùgbé. Ó ní ilé-iṣẹ́ kékeré kan tí òun ń bá ṣe ti rí ìpín gbà nínú àwọn pápá epo kéékèèké 57 tí ìjọba gbé síta lọ́dún 2020, àwọn èyí tí ilé-iṣẹ́ ńláńlá pa tì torí pé kò tó wọn jẹ. Tiwọn wà ní ìpínlẹ̀ Dẹ́ltà. Ó ní gáàsì ló pọ̀ níbẹ̀ ju epo lọ, àti pé ìjọba fúnra rẹ̀ ti pe ọdún mẹ́wàá yìí ní ọdún gáàsì. Ó mọ ọ̀rọ̀ sọ. Ó tún mọ orúkọ bàbá gbogbo wa, bóyá ìyẹn gan-an ló mú wa. Mo kó 400,000 náírà sílẹ̀. Owó ilẹ̀kùn àti fèrèsé ilé wa ní Arówómọlé ni. Bí mo ṣe ń kọ èyí, páànù la ṣì fi dí ojú fèrèsé méjì.

Lọ́dún tó kọjá, wọ́n pè wá sí gbọ̀ngàn kan nítòsí Tákíé. Wọ́n ta aṣọ funfun mọ́ ara ògiri, wọ́n gbé fídíò sójú rẹ̀: òpó irin kan nínú igbó, iná ń bú jáde lẹ́nu rẹ̀ bíi pé ilẹ̀ fẹ́ ya, àwọn ọkùnrin tó wọ aṣọ pupa ń juwọ́ sí wa. "Gáàsì yín rèé o!" Àtẹ́wọ́ sọ. Ẹnì kan dá orin ọpẹ́ sílẹ̀. Àfi bí Màmá Elélùbọ́ ṣe dìde, àwọn tí wọ́n ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún, tí wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má bínú. Kí ló dé tí wọ́n ń dáná sun owó wa?"

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá náà ṣàlàyé pé ìdánwò ni, pé wọ́n ní láti jó o kí wọ́n lè mọ bó ṣe ń tú jáde sí. Màmá ní ó yé àwọn. "Ẹ ti wá wọ̀n ọ́n tán. Ta ló fẹ́ rà á?" Ó ní òun ń bọ̀ níbẹ̀. Kò dé ibẹ̀ títí wọ́n fi pín mítípáì.

Ní báyìí, lẹ́tà ti dé. Wọ́n fẹ́ gbẹ́ kànga kejì. Kí oníkálukú fi ìdajì ohun tó kó sílẹ̀ lọ́jọ́sí kún un, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ìpín rẹ̀ máa sún kì. Ọjọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀ ni gbèdéke. Mo fojú ara mi rí iná náà, kò sí irọ́ níbẹ̀. Kí ló wá dé tí àyà mi ń já?

Bàbá Rìgì

Àbẹ̀kẹ́, o ṣeun tí o béèrè. Másífà ni wọ́n bí mi sí, ṣùgbọ́n ọdún 22 ni mo fi ṣiṣẹ́ lórí rìgì, ẹ̀rọ ńlá tí wọ́n fi ń gbẹ́ kànga epo, láti Warri dé Port Harcourt. Ìwọ rí iná lójú fídíò, èmi ti yá iná yẹn.

Jẹ́ kí n sọ ti òru ọjọ́ kan. A ti gbẹ́ ilẹ̀ kọjá 3,000 mítà. Tí wọ́n bá ń gbẹ́ ẹ, ẹrẹ̀ ni wọ́n máa ń rọ sísàlẹ̀, ẹrẹ̀ yẹn ló ń gbé èérún òkúta wá sókè. Wọ́n á sẹ́ ẹ lórí asẹ́ ńlá kan tó ń gbọ̀n bí asẹ́ onígààrí. Ọmọ kan á máa fi awò wo èérún náà, á sì tún máa wo ìlà kan lójú kọ̀ǹpútà tó ń sọ iye gáàsì tó bá ẹrẹ̀ jáde. Ní nǹkan bí aago méjì òru, ìlà náà nà ró gbọnrangandan. Ọ̀gá wa tẹ Èkó láago. Nígbà tó fi di ọ̀sán, hẹlikọ́pítà ti balẹ̀, wọ́n gbé wáìnì wá, èmi náà mu níbẹ̀. Ìgbà tí wọ́n wá sọ irin ìwọ̀n sínú kànga, ibi tí gáàsì wà kò nípọn. Wọ́n tanná sí i, ó jó fún wákàtí díẹ̀, agbára rẹ̀ ń relẹ̀, ó ń relẹ̀, bí ẹni tí oorun ń gbé lọ. Lọ́sẹ̀ kejì, sìmẹ́ǹtì la dà sí i. A fi irin dé e lórí, a kó ẹrù wa. Mílíọ̀nù dọ́là ọlọ́nà-mélòó ló wà lábẹ́ irin yẹn di bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí.

Nítorí náà, òótọ́ ni iná tí o rí, ṣùgbọ́n iná fídíò ìṣẹ́jú méjì kò sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni. Bi wọ́n: wákàtí mélòó ló fi jó? Nígbà tí wọ́n tì í pa, ṣé agbára rẹ̀ padà sókè bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, àbí ó dín? Ibẹ̀ ni lẹ́tà wọn ti máa ń dákẹ́.

Ti Màmá Elélùbọ́ ló tún wá jù. Epo rọ̀bì, tí o bá rí i, o lè fi ọkọ̀ gbé e lọ tà. Gáàsì kì í gbé inú kẹ́ẹ̀gì. Páìpù gbọ́dọ̀ wà, ibi tí wọ́n ti ń fọ̀ ọ́ gbọ́dọ̀ wà, ẹni tó ti tọwọ́ bọ̀wé pé òun máa rà á gbọ́dọ̀ wà, kí kọ́bọ̀ kan tó wọlé. Gáàsì tó wà lábẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà lé ní 200 trílíọ̀nù kúbíìkì fíìtì. Tó bá jẹ́ pé wíwà lábẹ́ ilẹ̀ nìkan lowó, ilé amúnáwá Ẹgbin tó ń fi gáàsì ṣiṣẹ́ kò ní jáwọ́ rárá, àwa náà ò sì ní máa sùn sókùnkùn l'Ógbómọ̀ṣọ́. Kódà àwọn tó ti rí páìpù, tí wọ́n ń ta gáàsì fún àwọn amúnáwá, ẹ lọ bi wọ́n ní gbèsè tí wọ́n jẹ wọ́n.

N ò ní kí o sá o. Mo mọ pápá kékeré kan tí gbogbo wa fi ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà yẹn. Páìpù ilé-iṣẹ́ ńlá kan ló kọjá létí ibẹ̀, wọ́n so tiwọn mọ́ ọn, wọ́n ń tà títí dòní. Wọ́n fi ìpín lọ èmi náà dípò owó àṣekún iṣẹ́ tí wọ́n jẹ mí. Mo ní kí wọ́n kó owó mi fún mi. Ẹni tó gbà á láàárín wa kì í gbé fóònù mi mọ́.

Alágáàsì Under G

Ẹ jẹ́ n fi tèmi pa yín lẹ́rìn-ín. Inú ẹgbẹ́ kan náà ni èmi àti Àǹtí Àbẹ̀kẹ́ wà. Gáàsì ìdáná ni mò ń tà fáwọn ọmọ LAUTECH. Mo rò pé tí ilé-iṣẹ́ wa bá ti bẹ̀rẹ̀ sí fa gáàsì, èmi ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbé e fún lówó pọ́ọ́kú. Mo tiẹ̀ ti fi ẹsẹ̀ wọn ibi tí mo máa gbé táǹkì sí. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tó wá rọ sílíńdà kílò 3 ló là mí lójú. Ó ní propane àti butane ló wà nínú sílíńdà mi, pé èyí tí wọ́n ń jó nínú fídíò yẹn, methane ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, inú páìpù ló ń gbà lọ sílé amúnáwá àti ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì. Ó sọ ọ́ tán, ó sanwó, ó lọ. Mo jókòó bí ẹni tí mọ́tò já sílẹ̀ sáàárín igbó. 150,000 mi wà níbẹ̀ o.

Bàbá Rìgì

Ọmọ yẹn kàwé. Ṣùgbọ́n gáàsì míì máa ń gbé propane àti butane dání, ó kù kí wọ́n kọ́ ibi tí wọ́n á ti yà wọ́n sọ́tọ̀. Má tíì ra táǹkì.

Ọmọ Ajílété ní Leeds

Mo kí ẹ̀yin àgbà. Tèmi kì í ṣe Nàìjíríà. Ilé-iṣẹ́ kékeré kan tó ń wá gáàsì ní Àríwá Áfíríkà ni, ó wà lórí AIM, ọjà ìpín àwọn ilé-iṣẹ́ kéékèèké ní Lọ́ńdọ̀nù. Péńsì 14 ni mo rà á. Aago méje àárọ̀ ni wọ́n máa ń gbé ìkéde jáde, kí ọjà tó ṣí láago mẹ́jọ. Ọdún mẹ́ta gbáko, kí n tó fọ ẹnu, fóònù. Ìyàwó mi ní ká ní Bíbélì ni mò ń ṣí báyẹn, mi ò bá ti ní ṣọ́ọ̀ṣì tèmi.

Ẹ gbọ́ o, wọn kì í parọ́. Ohun tó ń yà mí lẹ́nu nìyẹn. Wọ́n ní ìwé àṣẹ ti jáde, ó jáde lóòótọ́. Wọ́n ní rìgì ti dé, ó dé. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí ìròyìn ayọ̀ bá ti dé, kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, wọ́n á ta ìpín tuntun fáwọn olówó ńlá ní iye tó kéré sí tọjà. Ọbẹ̀ kan náà ni, wọ́n ń bu omi lù ú, àlejò ń pọ̀ sí i nídìí àwo, ẹran ò kúrò ní iye tó wà. Ìpín mi ò dín lójú ìwé, 50,000 náà ni. Àwọn tá a jọ ni ín ló di rẹpẹtẹ. Ẹ sì wò ó, kí ni wọ́n máa ṣe? Wọn ò tíì ta gáàsì kankan, kò sí báńkì tó máa yá wọn lówó láti fi gbẹ́ ihò tó lè jẹ́ òfìfo. Àwa la jẹ́ báńkì wọn.

Àwọn ọ̀gá pàápàá máa ń jìn sí kòtò. January 2020, ilé-iṣẹ́ epo kékeré kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà, tó wà lórí ọjà yìí kan náà nígbà yẹn, kéde pé òun ti rí 184 mílíọ̀nù dọ́là yá lọ́wọ́ àjọ ìdókòwò ìjọba Qatar. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tó jáde pé àwọn tó bá wọn tọwọ́ bọ̀wé kì í ṣe ará àjọ náà rárá. Mi ò ní ìpín níbẹ̀, mo kàn gbọ́ ni, ṣùgbọ́n mi ò lè jẹun lọ́jọ́ yẹn.

Tèmi ò tó péńsì kan mọ́ lónìí. Mi ò tíì tà á. Wọ́n fẹ́ gbẹ́ òmíì lóṣù tó ń bọ̀.

Bàbá Oníkaṣú

Ẹ̀yin ọmọdé yìí, ọdún 2007 ni kí ẹ bi mí. Mo ta kaṣú odindi ọdún kan, mo fi ra ìpín. Gbogbo ìlú ló ń rà á, títí kan ẹni tó ń gé irun mi. Oṣù kẹta ọdún 2008, òṣùwọ̀n ọjà ìpín lé ní 66,000. Nígbà tí 2009 fi wọlé, ó ti ń fà bọ̀ sí 20,000. Sàtífíkéètì mi wà nínú àpótí pẹ̀lú káńfọ̀. Ọ̀kan nínú wọn ṣì ń san èrè, ọmọ mi ló bá mi ṣètò rẹ̀ kó máa wọ báńkì tààrà. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni kò sí mọ́.

Ṣùgbọ́n àwọn yẹn wà lórí ọjà. Tí n bá fẹ́ tà á lọ́la, mo lè tà á, bó tiẹ̀ jẹ́ owó yẹpẹrẹ. Àbẹ̀kẹ́, ìwọ ńkọ́, ta lo fẹ́ ta tìẹ fún?

Lọ́yà Sábó

Mo fẹ́ gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu Bàbá. Tí ilé-iṣẹ́ náà bá jẹ́ ti àdáni, òfin ilé-iṣẹ́ ti 2020 tí wọ́n ń pè ní CAMA ní àwọn tó ni ìpín níbẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju 50 lọ, yàtọ̀ sáwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Kò sì gbọ́dọ̀ máa polongo ìpín rẹ̀ fún gbogbo ayé. Ẹ̀yin mélòó lẹ dáwó? Orúkọ ta ló wà nínú ìwé lọ́dọ̀ CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀? Wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò, kò gba owó púpọ̀. Mo bá àwọn kan yẹ irú rẹ̀ wò l'Ọ́yọ̀ọ́ nígbà kan, orúkọ ìyàwó alága la bá níbẹ̀. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀, ẹjọ́ wà ní kóòtù.

Àbẹ̀kẹ́ Tákíé

Ẹ ṣeun gan-an ni. Mo padà wá jíṣẹ́.

Àwa 118 la dáwó. Lọ́yà, orúkọ ẹgbẹ́ ló wà nínú ìwé, gẹ́gẹ́ bí ẹni kan ṣoṣo, kò sí orúkọ ìyàwó ẹnikẹ́ni. Ọkàn mi balẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún. Ìgbà tí mo wá jókòó ni mo rí i pé èmi ò ní ìpín nínú gáàsì kankan. Mo ní ìpín nínú ẹgbẹ́, ẹgbẹ́ ní ìpín nínú ilé-iṣẹ́, ilé-iṣẹ́ ní ìdá kan nínú pápá tí àwọn ilé-iṣẹ́ mẹ́ta míì jọ ni pẹ̀lú wọn, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì ń jà lórí ẹni tó máa ṣe ọ̀gá. Ẹran tó gba ọwọ́ mẹ́rin kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ mi, ṣé eegun ló máa kù ni àbí omi ọbẹ̀?

Bàbá Rìgì, mo béèrè gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe kọ́ mi. Wákàtí mẹ́sàn-án ló fi jó. Ti agbára tó padà sókè, wọ́n ní àwọn máa bi àwọn ẹnjiníà. Ti ẹni tó máa rà á, wọ́n ní ìjíròrò ń lọ lọ́wọ́. Ohun tí wọ́n sọ ní 2022 náà nìyẹn, mo ní ìwé ìpàdé lọ́wọ́.

Jímọ̀ ti kọjá, mi ò fi kún un. 200,000 tí mo ti kó jọ, káfíńtà ló gbé e. Fèrèsé méjì ti wọlé, ó ku ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Bàbá àwọn ọmọ wò wọ́n, wọn ò bi mí ní nǹkan kan, mo mọ̀ pé wọ́n mọ̀. Ká má parọ́, gbogbo bí káfíńtà ṣe ń gbá ìṣó, ọkàn mi wà ní Dẹ́ltà: tí kànga kejì bá lọ gbé e jáde ńkọ́? Àwọn 40 lára wa ló san ti tuntun. Alágáàsì náà san, ẹ má jẹ́ kó purọ́ fún yín.

Màmá Elélùbọ́ ò san. 50,000 wọn ló wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ Ìsinmi, bí a ṣe ń jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n fà mí láṣọ.

"Àbẹ̀kẹ́, ṣé wọ́n ti pa iná yẹn?"

Mo ní ó ti pẹ́ tí wọ́n ti pa á, Màmá.

"Hẹn-ẹn. Bá mi bi wọ́n bóyá wọ́n kó eérú rẹ̀ pa mọ́."