Gíà wo ló yẹ kẹ̀kẹ́ Raleigh àtijọ́ fún àwọn òkè Èkìtì?

Ẹ̀yin àgbà àti ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ fẹ́ràn kẹ̀kẹ́, mo ń fẹ́ ìmọ̀ràn yín lórí kẹ̀kẹ́ Raleigh onírin tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi, èyí tí táyà rẹ̀ jẹ́ 28 × 1½, tí ìjánu rẹ̀ sì jẹ́ ti ọ̀pá irin. Eyín 46 tí ṣéènì ń kọ́ ló wà níwájú, 18 ló wà lẹ́yìn, kò sì ní gíà. Ó ń sáré dáadáa ní ilẹ̀ pẹrẹsẹ, ṣùgbọ́n ọ̀nà Ẹ̀fọ̀n Aláayè ni mo fẹ́ máa gùn ún lọ, níbi tí òkè ti ń tẹ̀lé òkè.

Mo lè fi eyín 22 rọ́pò 18 tó wà lẹ́yìn, èyí tí kò ní ná mi lówó púpọ̀, àmọ́ kẹ̀kẹ́ náà yóò máa lọ́ra níbi tó tẹ́jú. Họ́ọ̀bù (àárín ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ tí sípóòkù ti bẹ̀rẹ̀) Sturmey-Archer tí gíà mẹ́ta wà nínú rẹ̀ ló wù mí jù, nítorí pé gíà àkọ́kọ́ rẹ̀ yóò tún fúyẹ́ ju eyín 22 lọ, eruku kò sì ní tètè wọ inú rẹ̀. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ihò sípóòkù 40 ni ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ mi ní, 36 ni mo sì ń rí lọ́jà.

Ẹ jọ̀ọ́, ta ló mọ ibi tí mo ti lè rí họ́ọ̀bù oníhò 40 rà? Bí òjò bá sì rọ̀, tí irin ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ń yọ̀, irú rọ́bà ìjánu wo lẹ fi ń sọ̀ kalẹ̀ láìséwu?