Ibà àbúrò mi, nígbà tí platelet rẹ̀ já wálẹ̀ sí 18,000

Ní ìgbà òjò ọdún tó kọjá, ibà ti mú àbúrò mi ọkùnrin fún ọjọ́ mẹ́rin gbáko kí a tó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Ìbàdàn. Aspirin ni a ń rà fún un ní ṣọ́ọ̀bù oògùn àdúgbò, nítorí pé orí ń fọ́ ọ gan-an. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ karùn-ún, bí ó ti ń fọ eyín, ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ní èrìgì rẹ̀, kò sì tètè dá. Mo ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè, mo sì rí àmì pupa wẹ́wẹ́ ní ojúgun rẹ̀, bí ẹni pé wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún un káàkiri. Mo fi ìka tẹ̀ wọ́n, wọn kò parẹ́.

Àyẹ̀wò fi hàn pé platelet rẹ̀, ìyẹn èròjà tí ó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dì lójú ọgbẹ́, kò ju 18,000 lọ, bẹ́ẹ̀ 150,000 sí 450,000 ni ó yẹ kí ó jẹ́. Ìyá wa bú sẹ́kún, nítorí jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ni ọkàn wọn lọ sí. Dókítà fara balẹ̀ ṣàlàyé pé ibà ẹ̀fọn lásán lè fà á, ibà dẹ́ńgè, ibà Lassa àti kòkòrò tí ó bá wọnú ẹ̀jẹ̀ náà lè fà á, nítorí náà ohun tí ó fà á ni kí a kọ́kọ́ wá. Wọ́n tún fi awò tí ó ń mú ohun kékeré tóbi wo ẹ̀jẹ̀ náà, torí pé platelet a máa lẹ̀ mọ́ra nínú ìgò nígbà mìíràn, tí ẹ̀rọ yóò sì kà á ní kíkéré. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí kòkòrò ibà, ó pọ̀ jọjọ.

Wọ́n gún un ní abẹ́rẹ́ artesunate, òmíràn lẹ́yìn wákàtí 12, ẹ̀kẹta nígbà tí ó pé wákàtí 24. Wọ́n ka aspirin àti ibuprofen léèwọ̀ fún un, nítorí pé wọ́n ń dá kún ẹ̀jẹ̀ dídà. Paracetamol nìkan ni wọ́n gbà láàyè. Mo bẹ̀ wọ́n títí pé kí wọ́n fa platelet sí i lára, wọ́n ní níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ èrìgì ti dá, bí ibà bá ti lọ, yóò gòkè fúnra rẹ̀. Inú bí mi lọ́jọ́ náà. Ní ọjọ́ kẹta ó ti di 61,000. Nígbà tí ó fi máa pé ọ̀sẹ̀ kan, ó ti lé ní 170,000.

Bàbá kan wà ní bẹ́ẹ̀dì tí ó kọjú sí tiwa. Platelet tiwọn jẹ́ 70,000, ṣùgbọ́n ojú ọgbẹ́ àtọ̀gbẹ tí ó wà ní ẹsẹ̀ wọn ni kòkòrò gbà wọnú ẹ̀jẹ̀, kíndìnrín wọn sì ti ń daṣẹ́ sílẹ̀. Òru ọjọ́ kejì tí a dé ni wọ́n dákẹ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, èmi àti ọmọ wọn obìnrin ti jọ fi ìwé àyẹ̀wò wa wéra, òun ni ó sì ń tù mí nínú, nítorí pé iye tiwọn ni ó ga jù.